Ìgbà Tí Bàbá Fítà Bá Èèyàn Tẹ Dùùrù Pọ̀

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá Àgbà mi, àlùfáà sọ̀rọ̀ wọn dáadáa. Ó ní olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, pé wọn kì í fi ìrun jáfara, pé wọ́n ṣe iṣẹ́ fítà, iṣẹ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ní iléeṣẹ́ oníke kan ní Sàngó-Ọ̀tà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, láìsí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn wọn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ dùùrù, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn kò dárúkọ rẹ̀, dùùrù náà sì wà níbẹ̀ nínú pálọ̀, tí àwọn àlejò ń gbé àwo ìrẹsì lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Bàbá, tó wá fo dùùrù yẹn dá, kò tíì mọ nǹkan kan. Ìyẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. N kò ní í ka ọdún tí wọ́n bí wọn àti àwọn ilé tí wọ́n gbé. Ìwé pélébé tí a pín fún àwọn àlejò ti ṣe ìyẹn tán.

Lásísì Àkànní ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Fítà ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìjòkó ń pè wọ́n. Ìkìrun ni wọ́n ti wá, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ Sàngó ṣì ń gba òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì, wọn kò sì padà sílé mọ́ àfi fún òkú àti ìgbéyàwó. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ wọn kò sì pọ̀. Wọ́n gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ láyé tí kò ní ojú ibi tí sípánà ti ń wọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀kùn bá ń han, bí ọmọ bá gba òdo nínú ìdánwò, bí tọkọtaya kan bá gbé ìjà wá bá wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi gbogbo wọn: "Níbo ló ti tú?"

Mo gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mo ti rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Nítorí náà, mo mọ ìṣe wọn. Wọn kì í fọwọ́ kan dùùrù láìfi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ dé àárín ìka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ọwọ́ yẹn ti kúrò nídìí gíríìsì. Àwọn ibi tí à ń tẹ̀ lára rẹ̀, eyín ni wọ́n ń pè é, eyín funfun àti eyín dúdú. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọn a dé e, wọn a sì fi jákẹ́ẹ̀tì kákí tí wọ́n ń wọ̀ ní iléeṣẹ́ bò ó. Màmá Àgbà, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní iwájú ilé, máa ń ní òun kò rí ọkùnrin tó ń fi ọṣẹ tó bẹ́ẹ̀ ṣòfò nítorí igi. Bàbá kì í dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kan ṣá, wọ́n ní: "Ìwọ náà, ṣé mo fọwọ́ ìdọ̀tí kàn ọ́ rí?" Màmá kọjú sí òwú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan lágbègbè Ìkìrun ni wọ́n ti kọ́ dùùrù. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kàwé nígbà náà, ibi tó bá wà nítòsí ló máa lọ. Tíṣà kò yàn wọ́n nítorí ẹ̀bùn kankan. Dùùrù ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́, Lásísì nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó nínú kíláàsì. Wọ́n kọ́ orin díẹ̀, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń ka àmì orin. Nígbà tí wọ́n jáde, ìjọ ní àwọn kò lè ní atẹ-dùùrù tó ń jẹ́ Lásísì, àyàfi tó bá gba orúkọ mìíràn. Bàbá tó bí wọn náà ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ orin ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé òun. Wọ́n bá pa á tì.

Iléeṣẹ́ ló dá a padà fún wọn. Ọ̀gá àgbà kan, ọmọ Íńdíà, ń gbé nínú ọgbà iléeṣẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, dùùrù ńlá kan sì wà nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó gbé e wá. Bàbá ló ń lọ tún ẹ̀rọ omi wọn ṣe. Lọ́jọ́ kan tí fèrè iléeṣẹ́ dún pé kí àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ máa lọ sílé, ìyàwó ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó tẹ eyín kan lórí dùùrù, ó ní ẹ gbọ́ ọ, ohùn kan náà ni, lá inú dò-rè-mí ni fèrè yín ń ké. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Nígbà tí tọkọtaya náà ń padà sí ìlú wọn, ikán ti wọ ẹsẹ̀ dùùrù, ọ̀gá sì ní kí wọ́n dáná sun ún. Bàbá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kúkú sun òun dípò rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù iléeṣẹ́ ló gbé e wá sí Ìjòkó, Màmá sì kọ̀ láti jáde wá wò ó.

Wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ tí ikán jẹ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti dàrú nínú ọkọ̀, a kò sì mọ ẹnì kankan ní gbogbo Ọ̀tà tó ń tún ohùn dùùrù ṣe. Ohun tí Bàbá ṣe, fítà nìkan ló lè ronú rẹ̀. Wọ́n gé páìpù irin kan ní iléeṣẹ́, wọ́n so ó rọ̀, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, títí ohùn rẹ̀ fi bá ti fèrè iléeṣẹ́ mu rẹ́gí. Wọ́n gbé páìpù wálé, wọ́n fi sípánà tí wọ́n rọ fúnra wọn yí wáyà dùùrù títí lá rẹ̀ fi bá páìpù dọ́gba, wọ́n wá tún àwọn yòókù ṣe tẹ̀ lé e. Wọ́n ní: "Ohun tó bá ń dún bákan náà lójoojúmọ́ ni èèyàn fi ń wọn nǹkan."

Báyìí ni dùùrù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àdúgbò wa, àdúgbò náà kò sì mọ ibi tí yóò fi sí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wa rán èèyàn wá pé kí Bàbá wá máa tẹ̀ ẹ́ fún àwọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àwọn ọmọ ìjọ tuntun. Bàbá bi wọ́n bóyá dùùrù ni wọ́n fẹ́ tàbí òun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ méjèèjì. Bàbá ní wọn kò lè rí méjèèjì. Kò pẹ́ tí Álífà Sùlè, tó ń kí ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, náà wá, ó ní àwọn èèyàn ń sọ pé Alhaji Fítà ti yí padà. Bàbá gbé àga fún un, wọ́n sì dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: "Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ ń pe ìrun, ẹ mú àáké wá." Álífà kò mú àáké wá rí.

Ìtumọ̀ gbogbo èyí ni pé Bàbá dàgbà, wọ́n darúgbó, wọn kò bá ẹlòmíràn tẹ orin pọ̀ rí. Ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà, mọ́ṣáláṣí kò ní ohun tó fẹ́ fi dùùrù ṣe, nínú ilé sì rèé, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Wọn kì í ráhùn nípa rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, nígbà tí a jọ ń wo àwọn olórin kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní: "Ó máa dùn o, kí èèyàn máa gbọ́ ti ẹlòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀."

Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe wá ẹgbẹ́ kan rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń tẹ dùùrù nílé ni wọ́n, kò sí ẹni tó ń fi jẹun nínú wọn: nọ́ọ̀sì kan láti òkè òkun wà níbẹ̀, ọlọ́jà wà níbẹ̀, lọ́yà kan n'Ìbàdàn sì ni olórí wọn. Olúkúlùkù yóò fi fóònù gba orin rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí Lọ́yà, ní ọ̀sán Sunday kan gbogbo wọn yóò sì jókòó sídìí fóònù láti gbọ́ ara wọn. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, o kò gbọdọ̀ gé e, o kò gbọdọ̀ tún un lẹ̀. Bàbá fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ iléeṣẹ́, èèyàn kì í ní kó dúró ná kí òun fi nu imú.

Mo ń di fóònù mú, Bàbá ń tẹ dùùrù. Gbogbo ohun tó wà ní Ìjòkó ló ń bá wọn wọ inú rẹ̀: ẹ̀rọ ìlọta, adìyẹ, ọ̀kadà. Nínú ọ̀kan nínú àwọn orin tí a gbà sílẹ̀, ní ibi tó ti rọ̀ jù lọ, ohùn Màmá Àgbà jáde kedere láti ẹ̀yìnkùlé pé ta ló gbé bàsíà òun. Mo fẹ́ kí a gba òmíràn sílẹ̀. Bàbá ní òfin ni òfin. Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé tí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kò ní í béèrè bóyá Màmá ti rí bàsíà. Màmá, tó sọ pé òun kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ igi, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí wọn pé òun kò tíì rí i.

Nígbà tó yá, Lọ́yà sọ fún ẹgbẹ́ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ó ti kọ orin kékeré kan fúnra rẹ̀. Kí olúkúlùkù gba ẹsẹ kan sílẹ̀ ní ilé rẹ̀. Ẹsẹ ìkẹyìn, kí gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́, òun yóò wá to wọ́n lé ara wọn lórí kí wọ́n lè dún pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Bàbá fọ ọwọ́ tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ń fi ojú dídì tẹ̀ ẹ́. N kò rí wọn kí wọ́n fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Abẹ́òkúta. Òun nìkan ló tún ní dùùrù olówáyà bíi ti Bàbá. Àwọn yòókù ń lo èyí tó ń gba iná. Ìyá yìí ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí n bá òun tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Alhaji, ṣùgbọ́n dùùrù wọn ti lọ sílẹ̀ ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eyín kan gbáko. Bí Bàbá bá ń dá tẹ̀ ẹ́, kò sí aburú. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ ti àwọn yòókù, etí kò ní í lè gbà á.

Inú bí Bàbá. Wọ́n ní dùùrù òun kò lọ sílẹ̀, kí ìyá náà lọ yẹ tirẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Sàngó pẹ̀lú páìpù nínú àpò, wọ́n dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ wọn àtijọ́ títí fèrè fi dún, wọ́n kan páìpù. Ohùn kan náà ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì pàtẹ́wọ́ fún wọn láìmọ ìdí. Bàbá padà wálé tayọ̀tayọ̀, èmi sì ní láti fi fóònù hàn wọ́n bí lá ti àwọn yòókù ṣe ń dún. Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n tẹ tiwọn, wọ́n tún tẹ́tí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n ní dùùrù tó ti darúgbó, tí wáyà rẹ̀ ti dẹ̀, ni ìyàwó ọ̀gá tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ni pé fèrè bá a mu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé dùùrù yẹn gan-an ló tọ̀nà. "Èmi ni mo sọ ọ́ di òdiwọ̀n," ni wọ́n wí. Mo káàánú wọn lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ràn pọ̀. Bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, ní òun yóò ra èyí tó ń gba iná wálé. Bàbá Àgbà ní òun ní dùùrù. Lọ́yà ní kọ̀ǹpútà lè gbé ohùn náà sókè fúnra rẹ̀, kò ní í gba àsìkò rárá. Bàbá Àgbà bi mí bóyá ọwọ́ òun ni yóò gbé e sókè. Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ní a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló bá wọn tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé sípánà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí irin tó ti gbó ṣe rí. Èkíní gbà, èkejì gbà, òmíràn já, ó sì ta wọ́n lẹ́yìn ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Màmá Àgbà di ọwọ́ náà, wọ́n ń bú dùùrù, wọ́n ń bú Íńdíà, wọ́n ń bú Lọ́yà. Bàbá ní kí n kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ẹsẹ ìkẹyìn.

Mo kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Abẹ́òkúta pe fóònù mi, wọ́n ní kí n gbé e fún Alhaji. N kò ní í gbàgbé ìjíròrò náà, nítorí pé Bàbá kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Ìyá náà ní: "Alhaji, ẹ má fa wáyà yẹn mọ́. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i kó lè pé eyín kan géérégé, kí ẹ wá sún ọwọ́ yín. Ibi tó bá yẹ kí ẹ tẹ̀, ẹ tẹ èyí tó tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú. Ẹ óò bá wa níbẹ̀."

Bàbá yíjú sí dùùrù. Wọ́n ní orí eyín dúdú ni gbogbo rẹ̀ máa wà nígbà náà.

Ìyá náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì máa nira.

"Ẹ ṣeun, ìyá," ni Bàbá wí.

Gbogbo wáyà inú dùùrù ni wọ́n dẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó já. Lẹ́yìn náà ni ìyà wá bẹ̀rẹ̀. Orin tí wọ́n ti mọ̀ dé ojú oorun, wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìka tó ti mọ ọ̀nà kan ń lọ síbẹ̀, ọpọlọ ń pè é padà. Oríkèé ọwọ́ ti ń ro wọ́n láti ìgbà pípẹ́, eyín dúdú sì tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Láàárín Alásàrí àti Mọ̀gàríbì, èmi àti Màmá yóò máa gbọ́ wọn, wọ́n ń kọsẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí. Mo ní lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Wọn kò wò mí. Wọ́n ní: "Pẹ̀lẹ́ lejò fi ń gun àgbọn, Àbẹ̀kẹ́. Lọ bá mi gbé omi gbígbóná wá." Màmá ló gbé omi náà wá, wọ́n sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ igi lẹ́nu Màmá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òwúrọ̀ Sátidé ìmọ́tótó ni a gba orin náà sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ kò rìn, ẹ̀rọ ìlọta kò ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò wà nídìí gọ́tà. Bàbá ti rán àwọn yòókù síta pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì í. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì í. Òógùn bo iwájú orí wọn. Mo ń wo aago, ó ń dẹ́rù bà mí, nítorí bí àsìkò ìmọ́tótó bá ti parí, ariwo yóò padà, Lọ́yà sì ti ní ọjọ́ náà ló kẹ́yìn. Nígbà tí ó kù díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ tún ọwọ́ fọ̀, wọ́n padà wá jókòó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìkọsẹ̀. Kò dùn tó bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó kàn pé pérépéré ni. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sunday ìpàdé náà, mo so fóònù mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Màmá wà níbẹ̀, bàbá mi wà níbẹ̀. Álífà Sùlè, tó ní òun kàn ń kọjá, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A gbọ́ ẹsẹ olúkúlùkù. Nígbà tó kan Bàbá, Màmá fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní Bàbá nìyẹn, bí ẹni pé n kò mọ̀. Ẹsẹ ìkẹyìn wá wọlé, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, òkè òkun, Ìjòkó. Ó kún inú pálọ̀ náà. Bàbá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n di ojú, wọn kò sì mira títí ó fi parí.

Wọ́n ní kí n tún ẹsẹ ìkẹyìn fi sí i. Mo tún un fi sí i.

"Àbẹ̀kẹ́, èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo di fóònù mú ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́, lẹ́yìn gbogbo ìyà tí wọ́n ti jẹ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní n kò mọ̀.

"Èmi náà wá a," ni Bàbá wí. "Mi ò rí i."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, wọn kò nù ún. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i.